Ṣọ́jà Ń Kúrò ní Yúnìtì: Kí La Fẹ́ Fi Yẹ́ Ẹ Sí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àtìgbà tí mo ti sọ níbí pé S1 ni mo ti lo ọdún tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Army Amẹ́ríkà, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé àwọn ṣọ́jà, ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, nǹkan kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ dẹ̀ ń bèèrè: ẹnì kan fẹ́ kúrò ní yúnìtì, kí la máa ṣe fún un? Mo ṣa díẹ̀ jọ síbí. Mo gé àwọn míì kúrú o, ẹ má bínú, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn ránṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ káàsán mà. Fort Bliss ni mo wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní sájẹ́ǹtì ni. Ọmọ kan tó wà lábẹ́ mi, specialist ni, fẹ́ PCS (ìyẹn kó kúrò lọ síbi iṣẹ́ tuntun) lọ sí Kòríà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Platoon sergeant mi ní kí n kọ award ẹ̀. Èmi rò pé àwọn S1 ló ń ṣe ìyẹn fúnra wọn, abi kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń lọ ni wọ́n ń fún? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? – Sájẹ́ǹtì Tuntun, Texas

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kú oríire. Rárá o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń lọ. AR 600-8-22, tó jẹ́ ìwé òfin wọn lórí àmì ẹ̀yẹ, sọ ọ́ gbangba pé kò sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ sí mẹ́dà kìkì torí pé ó ń kúrò níbi iṣẹ́. Ó kàn ti mọ́ àwọn yúnìtì lára ni, wọ́n á máa ní "PCS award ẹ̀ ńkọ́?" bí ẹni ń bèèrè owó oṣù. Àwa S1 kọ́ la dẹ̀ ń kọ ọ́. Tiwa ni ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká dá a padà fún yín tí kọ́mà kan bá ṣáko (ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe máa ń dùn mọ́ wa tó). Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọmọ yẹn ló ń kọ ọ́, ìwọ nìyẹn, orí DA Form 638 lo dẹ̀ máa kọ ọ́ sí.

Àsìkò ló kọ́kọ́ le níbẹ̀. Fún specialist, mẹ́dà AAM (Army Achievement Medal) tàbí ARCOM (Army Commendation Medal) ni wàá máa wò. 1981 ni wọ́n dá AAM sílẹ̀, ARCOM ti wà láti 1945, òun ló sì ga jù. Lieutenant colonel tó jẹ́ kọmáńdà bàtálíọ̀nù lè fọwọ́ sí AAM kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ARCOM gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ full colonel lókè, ìyẹn brigade, tábìlì tó máa gbà kọjá á wá pọ̀ sí i, tábìlì kọ̀ọ̀kan dẹ̀ ní ẹni tó lọ lífù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ò tó nǹkan kan. Lónìí gan-an ni kó o lọ bá S1 yín, kó o bi wọ́n ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ ti wọlé, má gba ti ẹni tó bá ní àsìkò ṣì wà.

Wọ́n á tún sọ fún ẹ pé specialist ò lè gba ARCOM, pé AAM ni ti àwọn ọmọ kéékèèké, ARCOM ti staff sergeant, MSM (Meritorious Service Medal) ti àwọn àgbà. Irọ́ ni jàre. Òfin ní iṣẹ́ téèyàn ṣe ni kí wọ́n wò, kì í ṣe oyè tó wà láyà ẹ̀. Lóòótọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ibi púpọ̀, mo dẹ̀ ti rí iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi AAM bò mọ́lẹ̀ torí pé ọmọ ọ̀hún ò tíì ga lóyè, ó ṣì ń bí mi nínú di òní. Tí iṣẹ́ ẹ̀ bá tó ARCOM, ARCOM ni kó o kọ, jẹ́ kí kọmáńdà fúnra ẹ̀ já a wálẹ̀ tó bá wù ú, ìwọ má bá a já a wálẹ̀ kó tó débẹ̀.

Àyè mẹ́rin wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn fún ohun tó gbé ṣe, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Má kọ pé ó ṣiṣẹ́ takuntakun, pé ó jẹ́ àwòkọ́ṣe fún ẹgbẹ́ ẹ̀. Ta ni wọ́n kọ award fún tí wọn ò sọ pé ó ṣiṣẹ́ takuntakun? Tó o bá lè yọ orúkọ ẹ̀ kó o fi ti ẹlòmíì sí i, kí ọ̀rọ̀ náà ṣì bá a mu, o ò tíì kọ nǹkan kan nìyẹn. Kọ iye ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, àti mélòó nínú ẹ̀ ló ṣì ń rìn nígbà tẹ́ ẹ jọ lọ sí NTC, pápá ìdánrawò ogun wọn, ní Fort Irwin nínú aṣálẹ̀ California lọ́hùn-ún, kọ iye ọmọ tuntun tó kọ́ ní redíò tí wọ́n dẹ̀ yege, kọ iye owó irinṣẹ́ tó buwọ́ lù tí ẹyọ kan ò sọnù. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, bi àwọn tí wọ́n jọ máa ń ṣiṣẹ́ òru, wọ́n á sọ èyí tí ìwọ ò gbọ́ rí fún ẹ. Sájẹ́ǹtì kan gbé tiẹ̀ wá fún mi nígbà kan, ọ̀rọ̀ ṣákálá gbogbo, mo ní kó padà lọ bèèrè, ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ọmọ tóun ń kọ̀wé fún ló ń fi ọkọ̀ ara ẹ̀ gbé àwọn tí ò ní ọkọ̀ lọ sí ọsibítù láàárọ̀ láàárọ̀, láti bíi ọdún kan sẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi ń yọ ẹ́ lẹ́nu tó báyìí ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún un, gbogbo yín máa tò, wọ́n á pè "Attention to orders", gbogbo èèyàn á nàró ṣánṣán láìmira, ẹnì kan á wá ka ohun tó o kọ síta. Ó lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ò tíì gbọ́ ọ rí láyé wọn kí ẹnì kan dìde níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn kó sọ ohun tí wọ́n ṣe. O wá fẹ́ kí wọ́n ka "ó ṣiṣẹ́ takuntakun" sí i létí?

Orúkọ ẹ̀ náà ṣe pàtàkì o. Tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, tàbí ọmọ ibikíbi tí orúkọ ẹ̀ gùn díẹ̀, ní kó fi voice note pe orúkọ ara ẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa kà á. Mo ti gbọ́ Olúwaṣeun tó di nǹkan míì pátápátá lẹ́nu wọn lórí pápá, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò dùn.

Àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ nìkan, mẹ́dà wọ̀nyí ní point nínú fún specialist tó bá ń wá sájẹ́ǹtì. Tí ARCOM ò bá tíì padà kó tó wọkọ̀ òfurufú, sọ fún bàtálíọ̀nù kí wọ́n fún un ní Certificate of Achievement lójú gbogbo yín ná. Mẹ́dà tó bá tẹ̀lé èèyàn lọ sí Kòríà, kọmáńdà tí ò mọ̀ ọ́n rí ló máa fi kọ́ ọ láyà, níwájú àwọn tí ò bá a ṣiṣẹ́ rí.

ÌBÉÈRÈ: First sergeant wa ń lọ. Wọ́n ní kí kálukú mú $40 wá fún pláàkì àti ẹ̀bùn kan tí mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń gbowó ti ń kọ orúkọ àwọn tí kò tíì san sórí bọ́ọ̀dù o. Mo ní ọmọ méjì, owó oṣù ò tíì wọlé. Ṣé dandan ni? – Kò Sówó Lọ́wọ́, Georgia

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan, orúkọ tí wọ́n ń kọ sí bọ́ọ̀dù yẹn dẹ̀ burú. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀gá da owó jọ fún un nígbà tó bá ń fẹ̀yìn tì tàbí tó ń kúrò níbẹ̀, torí pé ọ̀gá yẹn ò ní jẹ́ ọ̀gá wọn mọ́, ṣùgbọ́n tinútinú ni, ó dẹ̀ ní iye tẹ́nì kan lè ní kí ẹnì kejì mú wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, $10 ni iye yẹn. Ẹ̀bùn náà lápapọ̀ ní ibi tí kò gbọdọ̀ jù. Ẹ lọ bi JAG yín, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò Army, iye tó wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní bú yín. Kẹ́ ẹ sì fọgbọ́n bá ẹni tó ń gbowó sọ̀rọ̀ ná, bóyá kò mọ òfin ni, tó bá kọ etí ikún, IG, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn, wà níbẹ̀. Àwọn kọ́ńpìnnì míì máa ń ní cup and flower fund, àjọ kékeré tí wọ́n ń dá sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí, ẹ bèèrè bóyá tiyín wà.

Tèmi ni pé pláàkì ti pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn wọ̀nyí. Inú gáráàjì ló máa ń parí sí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yín níwájú ọ́fíìsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí kálukú fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ ẹ̀fẹ̀ kó kọ ẹ̀fẹ̀, ẹ fi fúréèmù sí i. Owó ẹ̀ ò ní dé $10 lórí ẹnì kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Ọmọkùnrin mi ṣe ọdún mẹ́rin nínú Army lọ́hùn-ún, orúnkún ló dà á láàmú tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gba mẹ́dà nígbà tí wọ́n ń lọ, wọn ò fún òun ní nǹkan kan. Kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo bí i mọ̀. Ṣé mo lè kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀? – Ìyá Ṣọ́jà

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Àwọn tó gba ọ̀nà ọsibítù jáde ni wọ́n máa ń gbàgbé jù, mo fojú ara mi rí i. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wọn. Láàárọ̀ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń tò, ọ̀dọ̀ dókítà ló máa wà, tó bá fi máa pé oṣù díẹ̀, sájẹ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n á ti lọ sí ibòmíì, èyí tó bá dé á kàn máa rí orúkọ nínú ìwé, kò mọ ojú tó ni ín. Ọjọ́ tí ìwé bá jáde, á gbé báàgì ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà yín ò lè bá a gba mẹ́dà mà, ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí iṣẹ́ tó ṣe ló gbọ́dọ̀ dábàá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ńlẹ̀ ṣì pọ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ mú DD 214 ẹ̀ jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún un nígbà tó ń jáde, kó wo àpótí 13, ibẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo mẹ́dà àti ríbọ́ọ̀nù sí. Ó lè ní èyí tí òun gan-an ò mọ̀. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta sìn láìní ẹ̀sùn lọ́rùn, Good Conduct Medal tọ́ sí i, tí kò bá sí níbẹ̀, kó bèèrè kí wọ́n tún un ṣe, DD 215 ni ìwé àtúnṣe náà ń jẹ́. St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn tó ti jáde sí wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó wá sájẹ́ǹtì tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kó wò ó lórí Facebook, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Sájẹ́ǹtì yẹn ṣì lè kọ ìwé fún un. Òfin fi gbèdéke sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí gbèdéke bá tiẹ̀ ti kọjá, ọ̀nà kan ṣì wà: ẹni tó ń ṣojú agbègbè ẹ̀ nílé aṣòfin Amẹ́ríkà lè ní kí Army gbé e yẹ̀ wò, abala 1130 nínú òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Title 10 ló fàyè gbà á. Ó máa ń pẹ́ o, Màmá, kẹ́ ẹ má retí ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n tí mẹ́dà ò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, ẹ ní kó bẹ sájẹ́ǹtì yẹn kó kọ lẹ́tà lásán fún un, ojú ewé kan, ohun tó ṣe àti ibi tó ti ṣe é. Mo mọ àwọn tó fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wáṣẹ́ tí wọ́n rí i.

ÌBÉÈRÈ: Nígbà tí mo ń kúrò ní yúnìtì mi, kọmáńdà bọ̀ mí lọ́wọ́, mo bá rí owó irin ńlá kan ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ní mo lè tà á. – Fort Campbell

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ burúkú nìyẹn. Coin kọmáńdà ni, ìwúrí ni, owó ara ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn dẹ̀ fi ń ṣe é. Kọ orúkọ ẹni tó fún ẹ, ọjọ́ tó fún ẹ àti ohun tó o ṣe sí bébà kékeré kan kó o fi wé e. Tó bá yá, coin á pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ ẹ, wàá máa bi ara ẹ pé ta ló fún mi ní èyí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́ràǹtì ọ́físà ni ọkọ mi, bárékè Odógbò la wà ní Òjóò, Ìbàdàn. 1990 ló wọṣẹ́ ṣọ́jà, ó ti lọ Làìbéríà, ó ti lọ Dáfúù, ọdún 35 ẹ̀ ti pé. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ńlá ló ń fẹ̀yìn tì, okùn ni wọ́n máa fi ń fa mọ́tò ẹ̀ jáde, ijó àti ìlù. Ti ọkọ mi ńkọ́? Ó ní tí ìwé òun bá ti jáde, òun á kàn gbé báàgì òun ni. – Ìyàwó Wọ́ràǹtì

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbà á gbọ́ o. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn òǹkàwé tí ò rí i rí, pulling out ni ẹ̀gbọ́n wa ń sọ. Ẹni tó ń lọ á dúró nínú ọkọ̀ tí kò nílé lórí, wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ọn níwájú, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ á dì í mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jáde ní géètì, báńdì á máa lù. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. Ti àwọn jẹ́nẹ́rà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn lèèyàn ṣe rò pé tiwọn nìkan ni, ṣùgbọ́n mo ti rí fọ́tò ibi tí yúnìtì ti fa RSM (Regimental Sergeant Major) tiwọn jáde bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ò fi rí i ni pé kò sẹ́ni tó bèèrè. Ọkọ yín ò ní bèèrè, ojú á tì í. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá ìyàwó RSM sọ ọ́, ẹ̀yin ìyàwó bárékè mọ ara yín, kí RSM gbé e lọ sí mẹ́ẹ̀sì àwọn sájẹ́ǹtì àti ọ̀dọ̀ kọmáńdà kí lífù ìkẹyìn ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa wo ẹni tó ń gbapò ẹ̀.

Tí okùn ò bá tiẹ̀ ṣeé ṣe, kí wọ́n tò fún un níjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹnì kan ka ibi tó ti dé jáde fún àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níbẹ̀. Àwọn rikúrúùtì tó ń gbá iwájú ilé yín, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì délé ayé nígbà tí ECOMOG wà ní Làìbéríà. Wọn ò mọ̀ pé bàbá tó máa ń jágbe mọ́ wọn torí bàtà tí kò dán wà níbẹ̀. Ẹ ní kí ọkọ yín sọ orúkọ àwọn ìlú tó dúró sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa kà á.

NAFRC ní Òṣòdì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó jáde, náà ní ayẹyẹ tiẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé yẹn ti wà, ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé ló bí i. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ, ẹ ya fọ́tò.

Ìwé ẹ̀ ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó sè rárá, ẹ wo ìwé ìdásílẹ̀ ẹ̀ dáadáa, sípẹ́lì orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ ẹni tó máa jogún ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo ẹ̀. Military Pensions Board l'Ábújá ló ń san pẹ́ńṣọ̀n wọn, kì í ṣe àwọn ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n aládàáni, torí 2011 ni wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò yẹn. Àṣìṣe kékeré nínú orúkọ lè dá owó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe ìdúpẹ́ yín bó ṣe wù yín. Tí January 15 bá dé, tí àwọn Legion, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, bá ń jáde, kó kó mẹ́dà ẹ̀ sáyà kó lọ bá wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kúulé Àǹtí. Dádì mi ń fẹ̀yìn tì nínú Army lẹ́yìn ọdún 22, Houston la wà, a máa lọ bá wọn níbi iṣẹ́ wọn fún ayẹyẹ. Ìyá àgbà ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní àwọn máa ki ọmọ àwọn lóríkì, àwọn dẹ̀ máa náwó fún un lórí yúnífọ́ọ̀mù. Mọ́mì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí la máa ṣe? – Ọmọ Dádì

ÌDÁHÙN: Oríkì yẹn ni kẹ́ ẹ jà fún jàre! Ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì wọn ní àyè fún un, ìdílé ló ń pinnu púpọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n á ka mẹ́dà ìkẹyìn ẹ̀, wọ́n á fún un ní àsíá Amẹ́ríkà tí wọ́n ká, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì láti October 1998 ni òfin ti fún ní ìyẹn láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n á pe Mọ́mì rẹ náà síwájú, ìwé ẹ̀yẹ tiẹ̀ wà lọ́tọ̀ fún ìyàwó, DA Form 3891, kẹ́ ẹ rí i dájú pé S1 ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀, obìnrin tó ti kó ẹrù láti bárékè dé bárékè á wá kàn jókòó máa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún Mọ́mì ni kẹ́ ẹ fi Ìyá àgbà sí, kó tó di àdúrà ìparí. Kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó ń darí ètò, kó má jẹ́ pé ẹnì kan á kàn dìde lójijì. Má fi sí àárín "Attention to orders" o, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mira nígbà yẹn, àwọn tó nàró níbẹ̀ ò dẹ̀ ní mọ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n sunkún. Kọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ní gbólóhùn méjì fún ẹni tó ń darí kó kà á ṣáájú, kí àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ sọ fún Ìyá àgbà pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ mọ̀ pé wọ́n á lo mẹ́jọ, ẹ sọ mẹ́wàá fún ẹni tó ń darí ètò.

Ti owó, mo wà lẹ́yìn Mọ́mì. Mẹ́dà wà láyà ẹ̀, àsíá wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ wà níwájú, dọ́là wá ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, kò bójú mu. Ẹ gbé agbádá àti fìlà ẹ̀ dání lọ sí họ́ọ̀lù tẹ́ ẹ ti máa jẹun. Kó lọ pààrọ̀ aṣọ, kó jáde bọ́ síta pẹ̀lú Mọ́mì, kẹ́ ẹ wá ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kẹ́ ẹ sì fi ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán sídìí owó o, kó má jẹ́ ọmọ ìyá rẹ tó o sọ fún mi nínú lẹ́tà yẹn.